Òṣùká Lábẹ́ Ilé: Bí A Ṣe Ń Gba Ilé Ẹ̀rọ Ẹlẹgẹ́ Lọ́wọ́ Ìgbọ̀nrìrì àti Ìmìtìtì Ilẹ̀

Ìrọ̀rùn igi ni ìrọ̀rùn ẹyẹ. Òwe yìí kò yọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Bí ara bá ti rọ ilé tó ni ara ṣe ń rọ ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Bí ilé bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ yóò gbọ̀n. Bí ilé bá mì, ẹ̀rọ yóò mì. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀, èyí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìlọta ń gbọ̀n láti àárọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ ata ń kúnná. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà láyé òde òní tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá kàn fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti bàjẹ́ nìyẹn. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ilé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Bí ilẹ̀ bá sì wáá mì tìtì, kí ni yóò gbà á là? Ìbéèrè méjì yìí ni a fẹ́ dáhùn fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan ni. Àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin, àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè, àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, gbogbo wa ni a ní tẹlifóònù lápò. Chip tó jẹ́ ọpọlọ tẹlifóònù náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ erékùṣù Taiwan ni wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Taiwan wà lára àwọn ilẹ̀ tó ń mì jù lọ láyé. Ibẹ̀ ni a ó ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wa.

Ọ̀TÁ KÉKERÉ

Ẹni tó bá ti gbé inú ilé tí wọ́n ti ń gúnyán mọ ohun tí à ń sọ. Odó wà lẹ́yìnkùlé, àwo wà lórí pákó nínú yàrá, síbẹ̀ bí ọmọ odó bá ti ń bọ́ sínú odó ni àwo ń dún wanran-wanran. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ló gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ àjàgbé tó ń kọjá lójú títì, ọkọ̀ ojú irin, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, àti ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá, ṣe ń gba inú ilẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ níbi tó wà.

Báwo ni ìgbọ̀nrìrì yìí ṣe kéré tó? Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní máíkrómítà. Bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n ní ìyára bíi 100 máíkrómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibẹ̀ ni ara ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá kéré sí i, a ó sọ pé ilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Eric Ungar àti Colin Gordon, ṣe òṣùwọ̀n kan tí àwọn akọ́lé ń lò títí di òní. Ìpele A kò gbọdọ̀ kọjá 50, ìpele B, 25, C, 12.5, D, 6.25, E, nǹkan bíi 3. Ìdajì ìdajì ni wọ́n ń fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé tó bá wà ní ìpele E gbọdọ̀ dákẹ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìlọ́po ju ibi tí ara tiwa ti lè mọ̀ pé ohun kan ń gbọ̀n.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo irun orí kan ṣoṣo. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi 80,000 nanomítà. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ASML ti ilẹ̀ Holland, tí wọ́n fi ń ya àwòrán sára chip tó lágbára jù, ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò gùn ju 13.5 nanomítà lọ. Wọn kì í ya àwòrán kan ṣoṣo. Wọ́n á ya ọ̀kan, wọ́n á tún ya òmíràn lé e lórí, títí wọn ó fi to ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọdọ̀ bá ara wọn mu láìfi ju nanomítà díẹ̀ yẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kọ̀wé nínú ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà oníkòtò yóò lóye ìṣòro náà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, ìwé bàjẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣẹ́gun ọ̀tá yìí kò ní awo nínú. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Kí wọ́n tó ra ilẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìdíwọ̀n síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, láti mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgbà ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Tainan, ní gúúsù Taiwan, fi èyí hàn. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin asáré-bí-ọfà gba inú ọgbà náà kọjá. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń ṣe chip pé gbígbọ̀n rẹ̀ yóò ba iṣẹ́ wọn jẹ́, ìjọba sì ná owó ńlá láti dín ìgbọ̀nrìrì ibẹ̀ kù kí ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January 2007.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni ilé. Ilẹ̀ yàrá tí ẹ̀rọ dúró lé kì í ṣe pẹlẹbẹ tín-ín-rín. Kọnkéré tó nípọn tó sì wúwo ni, wọ́n to òpó sábẹ́ rẹ̀ súnmọ́ra kó má baà rọ̀ láàárín, wọ́n sì lu ihò sí i bí asẹ́ kí afẹ́fẹ́ mímọ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ yìí lẹ̀ mọ́ ògiri àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ aláriwo, bí ẹ̀rọ ìfami àti ẹ̀rọ ìmútutù, ni wọ́n ń kó sí ilé tiwọn lọ́tọ̀, lórí sípíríǹgì tàbí rọ́bà. Níkẹyìn, ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè dúró lórí ìrọ̀rí afẹ́fẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ọ̀tá kékeré ń fẹ́ kí ilé jẹ́ ni kó wúwo, kó le, kó dúró gírígírí. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀TÁ ŃLÁ

Ìmìtìtì ilẹ̀ kò jọ ìgbọ̀nrìrì ojoojúmọ́. Ọ̀kan ń gbọ̀n ẹ̀rọ, èkejì ń wó ilé. Àmọ́ kì í ṣe agbára ilẹ̀ nìkan ló ń wó ilé. Bí ìmì ilẹ̀ ṣe bá ìmì ilé mu tún kún un.

Ẹ rántí jangirọ́fà. Ọmọdé tó ń ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí jangirọ́fà kò nílò agbára púpọ̀. Bó bá ṣáà ti ń tì í lásìkò tó yẹ, díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi máa fò sókè. Bí ó bá tì í ní àìlásìkò, kò ní lọ síbì kankan. Gbogbo ilé ló ní àkókò tí ó fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀. Àwọn ẹnjiníà a máa fojú bù ú pé àjà kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kún un. Ilé alájà márùn-ún yóò lọ yóò bọ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ṣeni láàánú pé níbi tí ilẹ̀ bá ti le, inú àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan yìí náà ni ìmìtìtì ilẹ̀ ń kó ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ sí. Ilẹ̀ wáá di ẹni tó ń ti jangirọ́fà lásìkò.

Nítorí náà, bí a bá lè mú kí ilé máa lọ kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, títì tí ilẹ̀ ń tì í kò ní bá a lásìkò mọ́.

ÒṢÙKÁ

Kò sí ẹni tó ń ru ẹrù wúwo lórí láìlo òṣùká. Ọrùn ń lọ, ẹsẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ìkòkò kò dànù. Irú òṣùká bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà ń fi sáàárín ìpìlẹ̀ àti ilé.

Rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe rọ́bà nìkan. Bí a bá gbé ilé ka orí rọ́bà lásán, ìwúwo ilé yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Nítorí náà wọ́n ń to rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti irin pẹlẹbẹ ní ìtẹ̀léra, rọ́bà, irin, rọ́bà, irin. Irin kò jẹ́ kí rọ́bà wú síta bí ìwúwo bá tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà sì ń jẹ́ kí ilé lè sún sọ́tùn-ún sósì. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan ní New Zealand tó ń jẹ́ Bill Robinson fi ohun kẹta kún un. Ó ki òjé sí àárín rẹ̀. Bí ilé bá ń sún síwá sẹ́yìn, òjé náà ń rọ̀, ó sì ń sọ agbára ìmì di ooru. Bí ìmì bá dáwọ́ dúró, òjé yóò padà sí bí ó ti wà. Ilé William Clayton ní Wellington, tí wọ́n parí ní 1981, ni ilé àkọ́kọ́ tó dúró lórí irú òṣùká olójèé bẹ́ẹ̀.

Òṣùká yìí ní òfin tirẹ̀. Àyè gbọdọ̀ wà yí ilé ká, kí ilé lè sún láìkọlu ohunkóhun. Ẹni tó bá lọ kó bíríkì tàbí ẹrù sínú àyè náà ti so ilé mọ́lẹ̀. Gbogbo páìpù àti wáyà tó ń wọlé gbọdọ̀ ní oríkèé tó ń rọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mexico ní ọjọ́ 19 oṣù September 1985, ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ tí olú-ìlú náà wà lórí rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ní lílọ àti bíbọ̀. Ẹni tó bá gbé ilé sórí òṣùká oníṣẹ́jú-àáyá méjì nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé jangirọ́fà.

ILÉ ÌWÒSÀN MÉJÌ

Ní àárọ̀ ọjọ́ 17 oṣù January 1994, ilẹ̀ mì ní Northridge, ní agbègbè Los Angeles. Ilé ìwòsàn méjì ni a fẹ́ kí ẹ wò.

Ìkínní ni Olive View. Ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù February 1971 ti ba ilé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ títí tí wọ́n fi wó o. Èyí tí wọ́n wáá tún kọ́, wọ́n kọ́ ọ kó le koko. Ní 1994, ó dúró, kò wó. Ṣùgbọ́n ìmì tí ó jẹ́ 0.82 ìwọ̀n agbára tí ayé fi ń fa òkò walẹ̀ nísàlẹ̀, 2.31 ni ó dà nígbà tó dé òrùlé. Páìpù omi já, omi ya sínú ilé, wọ́n sì ní láti kó àwọn aláìsàn jáde.

Ìkejì ni ilé ìwòsàn Yunifásítì USC, tó wà lórí òṣùká. Òótọ́ ni pé ó jìnnà sí ojú ibi tí ilẹ̀ ti mì ju ti Olive View lọ. Síbẹ̀, ẹ wo bí ìmì ṣe rìn nínú rẹ̀: 0.37 ní ìpìlẹ̀, 0.21 péré lórí òrùlé. Ní Olive View, ìmì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe ń gòkè. Níhìn-ín, ńṣe ló ń dínkù. Iṣẹ́ kò dúró nínú ilé ìwòsàn náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ilé lè dúró kí ohun inú rẹ̀ parun. Ògiri Olive View kò ṣẹ̀ ẹ́nikẹ́ni, àmọ́ kí ni ìwúlò ilé ìwòsàn tí kò lè gba aláìsàn lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú fara pa?

ÒÒGÙN TÓ Ń BA ÒÒGÙN JẸ́

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. Ọ̀tá kékeré ń fẹ́ kí ilé le. Ọ̀tá ńlá ń fẹ́ kí ilé rọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ chip bá lọ dúró lórí rọ́bà rírọ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀ kò ní rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti ẹ̀rọ inú ilé lè máa mì í lójoojúmọ́, chip kò sì ní ṣeé ṣe níbẹ̀. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Òjé ni onílàjà àkọ́kọ́. Bí agbára tó ń tì í bá kéré, òjé kì í rọ̀; ó le bí irin lásán. Ìgbà tí agbára ńlá bá dé ni ó ń gbà. Ó dà bí àgbàlagbà tí kì í dìde fún gbogbo ariwo ọmọdé, ṣùgbọ́n tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun yà fún màlúù.

Onílàjà kejì ni pípín iṣẹ́. Wọ́n lè jẹ́ kí ilé le fún ọ̀tá kékeré, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń jẹ agbára ìmì sáàárín òpó rẹ̀, kí wọ́n sì de ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n fún òun nìkan ní òṣùká tirẹ̀.

Onílàjà kẹta ni àkókò. Ìgbì méjì ni ìmìtìtì ilẹ̀ ń rán jáde. Èyí tó yára ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í sì í ṣe ibi púpọ̀. Èyí tó ń ṣe ibi ń rin nǹkan bíi 3.5. Ní ibi tó jìnnà tó kìlómítà 110, ti àkọ́kọ́ yóò dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 18, èkejì yóò dé ní 31. Ìṣẹ́jú-àáyá 13 tó wà láàárín wọn kò tó láti sá jáde nínú ilé ńlá, ṣùgbọ́n ó tó fún kọ̀ǹpútà láti ti ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ olóró.

OHUN TÍ TAIWAN KỌ́

Ní òru ọjọ́ 21 oṣù September 1999, ìmìtìtì ilẹ̀ tó tó 7.6 ṣẹlẹ̀ nítòsí Chi-Chi ní àárín Taiwan. Ó ju 2,400 ènìyàn tó kú. Ní ọgbà Hsinchu, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ chip wà, ilé kò wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n iná lọ, àwọn ọ̀pá gíláàsì inú ìléru fọ́, iṣẹ́ tó wà lójú ẹ̀rọ ṣòfò, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí iṣẹ́ tó padà bọ̀ sípò. Iye owó chip ìrántí kọ̀ǹpútà fò sókè lọ́jà àgbáyé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù April 2024, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, òmíràn tó tó 7.4 mì nítòsí Hualien. Ilé-iṣẹ́ TSMC kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde láwọn ibì kan. Kí wákàtí mẹ́wàá tó pé, ó kéde pé ó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ òun tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kankan tó bàjẹ́ nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń lo ìmọ́lẹ̀ 13.5 nanomítà. Kì í ṣe oríire lásán. Iṣẹ́ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni.

Síbẹ̀, ogun náà kò tíì parí. Ní oṣù January 2025, ìmìtìtì ilẹ̀ tí kò ju 6.4 lọ mú kí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ṣírò àdánù tó tó bílíọ̀nù 5.3 owó Taiwan. Ilé dúró, ẹ̀rọ dúró, iṣẹ́ tó wà lójú ẹ̀rọ ló lọ.

ÀWA ŃKỌ́?

Àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya sábà máa ń gbọ́ ọ pé ilẹ̀ Nàìjíríà kì í mì. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní oṣù September 2009, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù September 2016, ó mì ní Kwoi, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní oṣù September 2018, ó mì ní Mpape, ní Abuja. Kékeré ni gbogbo wọn, ibi tí a wà kò sì jọ ibi tí Taiwan wà. A kò sọ pé kí wọ́n fi rọ́bà àti òjé sábẹ́ họ́sítẹ̀lì wa. Ilé tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó, tí irin rẹ̀ sì tín-ín-rín, kò sí òṣùká tó lè gbé e ró. Kí a kọ́kọ́ kọ́ ilé tí kò ní wó láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì.

Ọ̀tá kékeré ló wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Ẹ rìn yíká ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí, ẹ ó rí jẹnẹrétọ̀ tí a gbé ti ògiri yàrá ìwádìí. Máíkíróskópù olówó ńlá wà lẹ́yìn ògiri kan náà. Bí àwòrán kò bá wáá mọ́, a ó ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ohun tí a lè ṣe kò gbówó lérí púpọ̀. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ògiri, lórí kọnkéré tirẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tàbí sípíríǹgì lábẹ́ rẹ̀. Kí a fi ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́ sí ìsàlẹ̀ ilé, kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí òkè náà bá di dandan, kí a fi í sí ẹ̀gbẹ́ òpó, nítorí àárín ilẹ̀ òkè ló ń gbọ̀n jù. Kó jìnnà sí àtẹ̀gùn, kó jìnnà sí títì. Kí tábìlì rẹ̀ wúwo, kó má sì fara ti ògiri.

Nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí ni àwọn tí yóò ya àwòrán ilé lọ́la yóò ti jáde, àti àwọn tí yóò fọwọ́ sí owó rẹ̀, àti àwọn tí yóò tọ́jú aláìsàn nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àwòrán yàrá ìwádìí tàbí yàrá iṣẹ́ abẹ síwájú yín, kí ẹ tó bèèrè irú ọ̀dà tí wọn yóò kùn ún, ẹ bèèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò wà.